Àyè Ìwé Àtijọ́, Àyè Ìwé Tuntun: Bí A Ṣe Ń Fi Mákírò To Fèrèsé Lójú Kọ̀ǹpútà

Ọ̀rọ̀ tí àwa òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì àpapọ̀ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé ẹ̀kọ́ àwọn akọ̀wé àti akápò

Nígbà tí a gbọ́ pé lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ tiwa sí, a mọ̀ pé iṣẹ́ ń bẹ, nítorí oorun a máa kun ènìyàn lẹ́yìn ẹ̀bà. A ó gbìyànjú kí ọ̀rọ̀ wa má gùn jù.

Bí a ṣe ń fi mákírò to fèrèsé nínú ètò ìtẹ̀wé tí à ń pè ní Word ni wọ́n ní kí a sọ. Àwọn kan ti dá wa dúró lẹ́nu ọ̀nà pé kí ló kan ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ fèrèsé, àbí a ti di káfíńtà? Ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Ọ̀rọ̀ owó ni, ọ̀rọ̀ orúkọ rere sì ni pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ná. Àṣìṣe ọwọ́ àwa fúnra wa ló kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ yìí. Àwa mẹ́ta ni a jọ ń lo kọ̀ǹpútà kan ní ọ́fíìsì. Bí a bá fẹ́ tẹ àkọsílẹ̀ ìpàdé, a kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé òfìfo. Àkọsílẹ̀ ìpàdé tí ó kọjá ni a máa ń ṣí, a ó wo bí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣe tò tẹ̀léra, a ó sì máa kọ ti tuntun ní irú ọ̀nà kan náà. Gbogbo akọ̀wé ní ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má wulẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ìwé méjèèjì a sì jọra bí ìbejì: àkọlé kan náà, orúkọ alága kan náà, àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ lókè, àdúrà ìparí nísàlẹ̀. Ọjọ́ ìpàdé nìkan ni ó yàtọ̀.

Ní ọjọ́ tí à ń wí yìí, iná mọ̀nàmọ́ná ń lọ, ó ń bọ̀, a sì ń kánjú kí bátìrì tó tán. Ọ̀kan nínú wa ṣí ìwé méjèèjì, ọ̀kan sì bo èkejì mọ́lẹ̀ pátápátá lójú kọ̀ǹpútà. Ó rò pé inú ìwé tuntun ni òun wà. Ó ń pa ọ̀rọ̀ rẹ́ ní ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ọ̀rọ̀ ìpàdé tuntun rọ́pò rẹ̀, nígbà tí ó parí, ó fi í pamọ́. Inú ìwé àtijọ́ ni ó wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí a rí fáìlì náà lọ́jọ́ kejì, tí ọ̀rọ̀ tuntun wà nínú rẹ̀, a kàn yí orúkọ rẹ̀ padà, a rò pé ti àtijọ́ wà níbòmíràn. Kò sí níbì kankan mọ́.

Ní ìpàdé tí ó tẹ̀lé e ni ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó ìyá kan nínú ẹgbẹ́ dé orí tábìlì. Ìwé owó fi hàn pé ọjọ́ tí ó yẹ kí ìyá náà san án tán ti kọjá. Òfin wa kò fi bọ̀ rárá: bí ẹni tí ó yáwó kò bá san án, ara owó ìfipamọ́ àwọn onídùúró rẹ̀ ni a ó ti yọ ọ́. Àwọn onídùúró méjèèjì wà níjokòó, wọ́n ń wo ara wọn. Ìyá náà dìde, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé ẹ ti gbàgbé ni? Níbí yìí náà ni ẹ ti fi oṣù mẹ́ta kún un fún mi nígbà tí ọjà mi bàjẹ́.” A ṣí àkọsílẹ̀ ìpàdé, kò sí ohun tí ó jọ ọ́ níbẹ̀. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí kùn. Ojú ti ìyá náà gidigidi, ó jókòó, kò tún sọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹ ó béèrè pé ẹ̀dà tí alága fọwọ́ sí dà? Íńkì ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti tán ní ọ̀sẹ̀ náà, a ní a ó tẹ̀ ẹ́ jáde bí a bá ra òmíràn. Ẹ mọ irú “bí a bá rà á” bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó kó wa yọ ni ìwé kékeré tí akọ̀wé máa ń fi bíró kọ ọ̀rọ̀ sí nínú ìpàdé kí ó tó lọ tẹ̀ ẹ́. A wá a títí, a rí i ní ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀. “Oṣù mẹ́ta sí i, gbogbo ilé fọwọ́ sí i,” ó wà níbẹ̀ gbangba. A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá náà níwájú gbogbo ẹgbẹ́, ó sì ti san owó rẹ̀ tán kí oṣù kẹta náà tó pé. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ti fi ìwé kékeré yẹn di àkàrà ńkọ́?

Lẹ́yìn náà ni a jókòó tí a bi ara wa pé níbo ni ọ̀ràn yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó tẹ ìwé náà kì í ṣe aláìbìkítà ènìyàn, ojú rẹ̀ kò sì fọ́. Ohun tí a rí ni pé ìwé àtijọ́ àti ìwé tuntun kò ní àyè tiwọn lójú kọ̀ǹpútà wa. Lónìí ti àtijọ́ wà lókè, lọ́la ó wà lẹ́yìn. Nínú ilé yín, ẹ kì í gbé kèrósìnì sí ibi tí ẹ ń gbé omi mímu sí, bí igo méjèèjì tilẹ̀ jọra. Ẹni tí ó bá dìde lóru mọ ibi tí ọwọ́ òun yóò nà sí. Bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ kí ó rí nínú iṣẹ́ wa: ọwọ́ òsì ni ti àtijọ́, ọwọ́ ọ̀tún ni ti tuntun, ẹnikẹ́ni tí ì báà jókòó sídìí kọ̀ǹpútà.

Fèrèsé tí à ń wí nìyẹn. Ìwé kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá ṣí nínú Word ní fèrèsé tirẹ̀, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní wíńdò. Ẹ lè fẹ fèrèsé náà kí ó gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà, ẹ lè sún un kì, ẹ lè tì í sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ sì lè mú kí lẹ́tà inú rẹ̀ tóbi tàbí kí ó kéré, láìjẹ́ pé ìwé tí a ó tẹ̀ jáde yí padà rárá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ èyí tí a sọ kẹ́yìn yìí. Wọ́n rò pé bí àwọn bá sọ lẹ́tà di ńlá lójú kọ̀ǹpútà, bébà púpọ̀ ni yóò bá a lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Kí a má purọ́, ẹni tí ó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta ni ó ń tẹ ìwé kò nílò mákírò. Ní òkè Word, níbi tí a kọ View sí, ẹ ó rí View Side by Side. Bí ẹ bá ti ṣí ìwé méjì, ẹ tẹ̀ ẹ́, àwọn méjèèjì yóò dúró ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Arrange All tí ó wà nítòsí rẹ̀ a máa to ìwé lọ́kan lé ọ̀kan, ti òkè lókè, ti ìsàlẹ̀ nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n ojú kọ̀ǹpútà alágbèéká kò ga tó fún èyí, ìlà mélòó kan péré ni ẹ ó máa rí. View Side by Side náà ní ìyọnu tirẹ̀: bí ẹ bá ń yí ìwé kan lọ sísàlẹ̀, èkejì yóò máa bá a lọ, bí ọmọ tí ó ń tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ sí ọjà. Synchronous Scrolling ni ẹ ó tẹ̀ kí ó lè dúró jẹ́ẹ́.

Àwa lo ọ̀nà yìí fún bí oṣù kan. Kò tẹ́ wa lọ́rùn. Ìdí kìn-ín-ní ni pé ẹni tí ó bá ń kánjú kì í rántí tẹ̀ ẹ́, àkókò ìkánjú sì ni àṣìṣe ń wọlé. Ìdí kejì ni pé ìwé àtijọ́ ṣì ṣeé kọ nǹkan lé, kí a sì fi í pamọ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan. Ìdí kẹta ni ojú. Ẹni tí ó dàgbà jù nínú wa ń lo gíláàsì, kò lè kàwé bí lẹ́tà kò bá tóbi dáadáa. Ẹni tí ó kéré jù fẹ́ràn kí lẹ́tà rí wínníwínní kí òun lè rí gbogbo ojú ìwé lẹ́ẹ̀kan. Ní tiwa tí à ń kọ Yorùbá, lẹ́tà wínníwínní léwu. Owó àti òwò, ọwọ́ àti ọ̀wọ̀: àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀ nìkan ni ó yà wọ́n. Ẹni tí kò bá rí àmì yóò kọ “òwò ẹgbẹ́” níbi tí ìpàdé ti sọ “owó ẹgbẹ́”, yóò sì di àríyànjiyàn ní ọdún tí ń bọ̀.

Ibi tí mákírò ti wúlò nìyí. Mákírò ni àwọn àṣẹ tí a kọ sílẹ̀ tẹ̀léra, tí kọ̀ǹpútà yóò máa ṣe láti orí èkíní dé ìkẹyìn nígbà tí a bá tẹ ohun kan ṣoṣo. Ó dà bí ọmọ tí a rán lọ sọ́jà tí a kọ gbogbo ohun tí yóò rà sínú ìwé fún. Kò ní ronú, kò sì ní gbàgbé. Nǹkan yìí kì í ṣe tuntun. Word tí ó kọ́kọ́ wà fún Windows, èyí tí ó jáde ní 1989, ti ní èdè mákírò tí wọ́n ń pè ní WordBasic. Láti Word 97 ni VBA ti gba ipò rẹ̀, òun náà ni a sì ń lò títí di òní.

Ọ̀nà méjì ni a lè gbà ṣe é. Èkíní ni pé kí kọ̀ǹpútà máa wò yín kí ó sì máa kọ ohun tí ẹ bá ṣe sílẹ̀: ẹ lọ sí View, lẹ́yìn náà Macros, lẹ́yìn náà Record Macro. A dán èyí wò. Ó gba títóbi lẹ́tà sílẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n nígbà tí a fi máòsì fa fèrèsé láti ọ̀tún sí òsì, kò kọ ọ́ sílẹ̀. Nítorí náà a fi ọwọ́ kọ ọ́. Ẹ tẹ Alt àti F11 pọ̀, ojú ìwé mìíràn yóò ṣí. Ẹ tẹ orí Normal ní ẹ̀gbẹ́ òsì, kí ẹ sì yan Insert àti Module. Inú àyè funfun tí ó bá yọ ni ẹ ó kọ èyí sí, bí a ti kọ ọ́ sójú pátákó yìí gan-an:

Sub IweMeji()
Dim titun As Window, atijo As Window
Dim ibu As Single, giga As Single
Set titun = ActiveWindow
titun.WindowState = wdWindowStateMaximize
ibu = titun.Width
giga = titun.Height
Documents.Open FileName:="C:\Ipade\Atijo.docx", ReadOnly:=True
Set atijo = ActiveWindow
atijo.WindowState = wdWindowStateNormal
atijo.Left = 0
atijo.Top = 0
atijo.Width = ibu / 2
atijo.Height = giga
titun.WindowState = wdWindowStateNormal
titun.Left = ibu / 2
titun.Top = 0
titun.Width = ibu / 2
titun.Height = giga
titun.View.Type = wdWebView
titun.View.Zoom.Percentage = 150
titun.Activate
End Sub

Ẹ má jẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ bà yín lẹ́rù. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé Yorùbá wà nínú rẹ̀: titun, atijo, ibu, giga. Orúkọ tí àwa fúnra wa sọ àwọn nǹkan náà ni. A kò fi àmì sí wọn lórí, nítorí ibi tí a ti ń kọ mákírò kò gba lẹ́tà wa tí ó ní àmì nísàlẹ̀. Ó dùn wá, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí a lè ṣe sí i.

Ìlà tí ó ṣe pàtàkì jù lọ nínú gbogbo rẹ̀ ni èyí tí ó parí sí ReadOnly:=True. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí a ṣí ìwé àtijọ́ fún kíkà nìkan. Bí ọwọ́ bá ṣèèṣì kọ nǹkan lé e, ọ̀rọ̀ náà lè hàn lójú kọ̀ǹpútà o, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá ní kí ó fi í pamọ́, kò ní gbà lábẹ́ orúkọ yẹn. Yóò ní kí ẹ wá orúkọ mìíràn fún un. Ìgbà náà ni ẹni tí ó ń kánjú yóò sọ pé, “Háà, kí ni mò ń ṣe?” A tún fi ààbò kejì kún un: Atijo.docx kì í ṣe ojúlówó àkọsílẹ̀, ẹ̀dà rẹ̀ ni. Bí ẹgbẹ́ bá ti fọwọ́ sí àkọsílẹ̀ ìpàdé, akọ̀wé yóò fi ojúlówó pamọ́ pẹ̀lú ọjọ́ ìpàdé gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀, yóò ṣe ẹ̀dà kan, yóò sì sọ ẹ̀dà náà ní Atijo nínú àpò tí à ń pè ní Ipade. Bí ẹ bá gbàgbé ṣe ẹ̀dà yìí, mákírò kò ní rí fáìlì ṣí, yóò dúró láàárín ọ̀nà, yóò sì máa sọ Gẹ̀ẹ́sì líle. Ẹ má bá a jà; ẹ lọ wo inú Ipade ni.

Àwọn ìlà tí ó wọn ìbú àti gíga, a kò ní wọn níbẹ̀rẹ̀, ìtìjú ni ó kọ́ wa. Word kì í fi ẹsẹ̀ bàtà tàbí ìdiwọ̀n táílọ̀ wọn fèrèsé. Pọ́íǹtì ni ó ń lò, 72 nínú íǹṣì kan. Ojú kọ̀ǹpútà tiwa fẹ̀ tó píksẹ́lì 1366, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bí pọ́íǹtì 1024. A pín in sí méjì, a sì kọ 512 sínú mákírò náà. Ó ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wa bí idán. A fún akọ̀wé ẹgbẹ́ kan, ó gbé e lọ sílé. Lọ́jọ́ kejì ó pè wá lórí fóònù pé ìwé tuntun ti sá lọ. Ó rí díẹ̀ lára rẹ̀ lápá ọ̀tún, ìyókù ti wọ inú ògiri! Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, a rí i pé ojú kọ̀ǹpútà tirẹ̀ kò kéré sí tiwa, ṣùgbọ́n wọ́n ti ṣètò Windows rẹ̀ kí gbogbo nǹkan tóbi sí i, 125 dípò 100 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyẹn mú kí ojú kọ̀ǹpútà kan náà jẹ́ nǹkan bí pọ́íǹtì 820 péré. Fèrèsé tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 512 tí ó sì fẹ̀ tó 512, báwo ni yóò ṣe gbà á? Ìdá méjì nínú márùn-ún rẹ̀ ni ó bọ́ síta.

Àwọn àgbẹ̀ inú wa mọ ọ̀rọ̀ yìí ju àwa lọ. A kì í jókòó sílé pín ilẹ̀ tí a kò tíì ta okùn sí. Nítorí náà ni mákírò ìsinsìnyí ṣe kọ́kọ́ fẹ fèrèsé tuntun kún gbogbo ojú kọ̀ǹpútà, tí ó wọ̀n ọ́n, tí ó sì wá pín ohun tí ó bá wà níbẹ̀ sí méjì. Kọ̀ǹpútà ńlá, kọ̀ǹpútà kékeré, yóò bá a mu. Àlàfo tín-ín-rín lè ṣẹ́ kù láàárín fèrèsé méjèèjì. Ìyẹn kò ba nǹkan jẹ́.

Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé wdWindowStateNormal ṣáájú ìlà tí ó sọ ibi tí fèrèsé yóò dúró sí. Bí fèrèsé bá ṣì kún ojú kọ̀ǹpútà, kò ṣeé tì síhìn-ín sọ́hùn-ún, Word yóò sì kọ̀. Ọmọ tí ó ta ẹsẹ̀ sórí gbogbo ẹní, kí ó kó ẹsẹ̀ jọ ná kí a tó lè sún un.

wdWebView àti 150 wà nítorí ojú àti nítorí àmì ohùn. Nínú ìlàjì ojú kọ̀ǹpútà, bí a bá sọ lẹ́tà di 150, ojú ìwé yóò fẹ̀ ju fèrèsé lọ, a ó sì máa fa ìwé sọ́tùn-ún sósì kí a tó ka ìlà kan tán. wdWebView a máa ṣẹ́ ìlà kí ó lè gba inú fèrèsé. Ẹni tí 150 bá kéré fún kí ó kọ 180. Àléébù rẹ̀ ni pé ìwé inú rẹ̀ kò rí bí yóò ṣe rí lórí bébà, àtẹ ìdáwó tí ó ní òpó púpọ̀ sì lè gùn kọjá etí fèrèsé. Nítorí èyí ni a ṣe kọ mákírò kékeré kejì tí a ń lò kí a tó tẹ ìwé jáde:

Sub WoIwe()
ActiveWindow.WindowState = wdWindowStateMaximize
ActiveWindow.View.Type = wdPrintView
ActiveWindow.View.Zoom.PageFit = wdPageFitFullPage
End Sub

Eléyìí yóò fi odindi ojú ìwé hàn yín bí bébà ṣe máa gbé e jáde. Ó ti dín bébà tí a ń fi ṣòfò kù ní ọ́fíìsì wa.

Bí ẹ kò bá fẹ́ máa tẹ Alt àti F8 ní gbogbo ìgbà láti wá mákírò, ẹ lè gbé àmì rẹ̀ sókè pátápátá níbi tí àmì ìfipamọ́ wà. File ni ẹ ó tẹ̀, lẹ́yìn náà Options, lẹ́yìn náà Quick Access Toolbar, kí ẹ wá yan Macros nínú àwọn tí ó bá jáde. Ìgbà kan ṣoṣo ni ẹ ó ṣe é. Ní tiwa, ẹni tí ó bá jókòó yóò ṣí ìwé tuntun, yóò tẹ àmì náà, àtijọ́ yóò bọ́ sósì, tuntun yóò bọ́ sọ́tùn-ún, ó di kíkọ.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ kí àwọn tí ń tòògbé jí sí. Ohun tí ó lè to fèrèsé fún wa lè tú ilé wa ká pẹ̀lú. Mákírò kò mọ olówó rẹ̀. Láti 1995 ni àwọn ènìyàn ti ń fi mákírò inú ìwé Word gbé àrùn kọ̀ǹpútà kiri; èyí tí wọ́n pè ní Concept ni ó jáde lọ́dún náà. Ní oṣù kẹta 1999, òmíràn tí ń jẹ́ Melissa jà káàkiri ayé. Ẹni tí ó bá ṣí ìwé náà kò ní mọ nǹkan kan. Mákírò inú rẹ̀ yóò lọ sínú ìwé àdírẹ́sì lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà rẹ̀, yóò sì fi ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí 50 ènìyàn ní orúkọ rẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó kí irú rẹ̀ ti ọ̀dọ̀ akọ̀wé ẹgbẹ́ jáde lọ bá gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Ẹni tí ó ṣe é, David L. Smith, ọmọ Amẹ́ríkà, lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù 20 ní 2002, ṣùgbọ́n ìyẹn kò dá ohun tí ó ti bàjẹ́ padà. Láti 2022 ni Microsoft fúnra wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí dí mákírò inú ìwé tí ó bá ti orí íntánẹ́ẹ̀tì wá, láìjẹ́ pé ènìyàn béèrè.

Nítorí náà ni a kò ṣe ní fi mákírò wa ránṣẹ́ sí yín nínú fáìlì, bí àwọn kan ti bẹ̀ wá láàárọ̀. Orí bébà ni a ó ti fún yín, kí ẹ sì fi ọwọ́ yín tẹ̀ ẹ́. Kò ju ìlà 23 lọ. Ẹni tí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ìwé tí orúkọ rẹ̀ bá parí sí .docx kò lè gbé mákírò. Èyí tí ó bá parí sí.docm lè gbé e. Bí ẹnikẹ́ni bá fi .docm ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ yín, ì báà jẹ́ ẹni tí ẹ mọ̀, ẹ kọ́kọ́ pè é lórí fóònù. Bí ọmọ kan bá sì wá tún kọ̀ǹpútà ṣe, tí ó ní kí ẹ jẹ́ kí òun ṣí gbogbo mákírò sílẹ̀ nínú Trust Center kí iṣẹ́ lè yá, ẹ má gbà fún un. Bí ó ti wà níbẹ̀, kí ó máa dá mákírò tí ó bá ti ìta wọlé dúró kí ó sì sọ fún yín, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Kò dí mákírò tí ẹ̀yin fúnra yín kọ sínú Normal lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ Normal yìí tún kù. Inú fáìlì kan tí ń jẹ́ Normal.dotm, lórí kọ̀ǹpútà yẹn nìkan, ni mákírò tí ẹ kọ yóò máa gbé. Bí kọ̀ǹpútà bá bàjẹ́, ó bá a lọ. Bí akọ̀wé bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ tí ó sì jẹ́ pé kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ni ó ń lò, ó bá a lọ pẹ̀lú. A mọ ẹgbẹ́ tí ó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ni ó mọ bí nǹkan ṣe tò. Nígbà tí ó lọ, wọ́n padà sí ibi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Ní ọ́fíìsì wa, a lẹ ẹ̀dà mákírò méjèèjì mọ́ inú èèpo ìwé ìpàdé. A lo Export File nínú ojú ìwé Alt àti F11 láti ṣe ẹ̀dà tí a fi sórí fláàṣì, akápò ni ó sì ń tọ́jú fláàṣì náà, kì í ṣe akọ̀wé. Ènìyàn méjì, ó kéré tán, gbọ́dọ̀ lè tún un kọ láìsí ìrànlọ́wọ́. A ti dán ara wa wò. Ẹni tí ó dàgbà jù nínú wa, tí ó ní òun kò lè kọ́ irú nǹkan báyìí mọ́, òun ni kò ṣi lẹ́tà kan tẹ̀.

A ti rí àwọn ọwọ́ tí ó wà lókè, ẹ jẹ́ kí a tètè dá yín lóhùn. Bẹ́ẹ̀ kọ́, mákírò yìí kò ní ṣiṣẹ́ lórí fóònù, kò sì ní ṣiṣẹ́ nínú Word tí à ń lò láti orí íntánẹ́ẹ̀tì; èyí tí a gbé sínú kọ̀ǹpútà gan-an ni ó ń lò ó. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo LibreOffice nítorí pé ọ̀fẹ́ ni, ẹ kò ṣe ohun tí ó burú, òun náà ní mákírò tirẹ̀, ṣùgbọ́n èdè àwọn méjèèjì kò dọ́gba, a ó ní láti tún un kọ. Ẹ fi orúkọ ẹgbẹ́ yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, bí ẹ bá pọ̀, a ó ṣe ti yín ní ìpàdé ẹ̀kọ́ mìíràn.

Àti ìyá tí ó béèrè láti ẹ̀yìn pé ìwé bíró ńkọ́, ṣé kí àwọn sọ ọ́ nù báyìí? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o. Títí ẹgbẹ́ yóò fi fọwọ́ sí ẹ̀dà tí a tẹ̀ sórí bébà ni kí ìwé bíró náà wà nínú dúrọ́ọ̀, kí a sì ti dúrọ́ọ̀ náà.

Bébà tí a kọ mákírò sí wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, ẹyọ kan fún ẹgbẹ́ kan. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí a jọ tẹ̀ ẹ́ kí ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì wa ní ọjọ́ Ọjọ́rú èyíkéyìí, láàárín aago 10 òwúrọ̀ sí aago 2 ọ̀sán. Kí ó sì rí i pé bátìrì rẹ̀ kún láti ilé, nítorí iná tiwa kò ṣeé fọkàn tán.